Nínú gbogbo Fáráò, ta ló lówó jù, kí ló sì gbé owó náà lọ?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí British Museum ní London, a rí orí òkúta ńlá kan níbẹ̀, wọ́n ní ti Ramesses Kejì ni. Àwọn ọmọ wá ń bi mí bóyá òun ni ọba tó lówó jù tó sì lágbára jù ní Íjíbítì láyé àtijọ́, mi ò mọ ohun tí màá sọ, torí ohun tí mo mọ̀ nípa Fáráò ò ju ti inú Bíbélì lọ. Ṣé òun náà ni lóòótọ́? Ibo ni wọ́n ti rí owó tó pọ̀ tó yẹn, kí ló sì gbé e lọ?"

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ bá mi yin àwọn ọmọ yẹn gan-an. Kí n tètè dáhùn ná kí n tó máa ṣàlàyé: rárá, Ramesses Kejì kọ́ ló lówó jù. Òun ló polongo ara rẹ̀ jù, òun ló gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sára òkúta jù, ó sì pẹ́ lórí oyè, ọdún 66, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tí owó kún Íjíbítì débi pé àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè ń kọ létà wá tọrọ lẹ̀ ń wá, ìgbà Amenhotep Kẹta ni, ẹni tó ti kú tó bí àádọ́rin ọdún kí Ramesses yìí tó gorí oyè. Ẹni tó sì fi ogun wá ọrọ̀ náà ni Thutmose Kẹta, tó jẹ́ bàbá bàbá bàbá Amenhotep. Gbogbo ọdún ayé àwọn ọba yìí tí màá máa dá, ṣáájú ìbí Jésù ni (1800 sókè tí mo bá dá, ayé òde òní nìyẹn), torí náà iye rẹ̀ á máa dín bá a ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, àwọn onímọ̀ sì máa ń fi ọdún bíi mélòó kan ya ara wọn nínú ìṣirò ẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa rí iye mìíràn níbòmíì kẹ́ ẹ ní mo parọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn píramídì Gíza kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ́ wọn kí wọ́n tó bí Thutmose Kẹta. Láàárín ìgbà yẹn Íjíbítì ti jẹ̀yà gan-an, àwọn àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní Hyksos wá láti apá Kénáánì, wọ́n gba apá àríwá ilẹ̀ náà, wọ́n fi ìlú Avaris ṣe ibùjókòó, wọ́n ń jọba níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọba Thebes ní gúúsù, ibi tí wọ́n ń pè ní Luxor lónìí, ló dìde sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Seqenenre Tao, òkú rẹ̀ tí wọ́n kùn lọ́ṣẹ ṣì wà, ojú àáké sì hàn ketekete ní agbárí rẹ̀. Kamose gba ogun náà ṣe, Ahmose tó jẹ́ ọmọ Seqenenre ló wá parí ẹ̀, ó lé àwọn Hyksos jáde, ó tún lé wọn wọ Kénáánì. Lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun jà. Látìgbà yẹn làwọn ọba Íjíbítì ti pinnu pé àwọn ò ní jókòó sílé kí ọ̀tá wá bá àwọn mọ́, àwọn ló máa máa lọ bá ọ̀tá nílé wọn.

Tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin wà nínú àwọn ọmọ yín, ẹ sọ ti Hatshepsut fún un. Ọkọ rẹ̀, Thutmose Kejì, kú, ọmọ tó yẹ kó jọba, Thutmose Kẹta yìí, ṣì kéré gan-an, ìyàwó mìíràn ló sì bí i. Hatshepsut kọ́kọ́ ṣe adelé fún ọmọ náà, nígbà tó yá ó dé adé fúnra rẹ̀, ó ní Fáráò lòun, ó sì wà nídìí ẹ̀ fún bí ogún ọdún. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ìjọba obìnrin yẹn bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, mi ò gbà fún wọn láéláé. Ní ọdún kẹsàn-án ìjọba rẹ̀ ló rán ọkọ̀ ojú omi gba Òkun Pupa lọ sí ilẹ̀ Punt, wọ́n kó tùràrí, òjíá, wúrà, eyín erin, igi èbónì, awọ ẹkùn àti ọ̀bọ bọ̀, wọ́n tún hú igi tùràrí tòun ti gbòǹgbò ẹ̀ sínú agbọ̀n kí wọ́n lè lọ gbìn ín sílé. Gbogbo ẹ̀ ló wà lára ògiri tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahari, títí kan ọba Punt àti ìyàwó rẹ̀ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Òpó òkúta kan tó gbé dúró ní Karnak, ọgbà tẹ́ḿpìlì ńlá tó wà ní Thebes, ga tó nǹkan bíi mítà 30, òkúta kan ṣoṣo ni, kò lójú ìdè kankan, ó ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí obìnrin yìí máa kú, ilé ìṣúra ọba kún, àwọn sójà yó, òpópónà òwò ṣí. Wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri nígbà tó ti kú tó bí ogún ọdún, ó sì dùn mí, torí owó tó kó jọ yẹn ni Thutmose Kẹta fi jagun.

Ogun ọ̀hún wá dé. Bí Hatshepsut ṣe kú báyìí, àwọn ọba kéékèèké Kénáánì àti Síríà kóra jọ sẹ́yìn ọba Kádéṣì, wọ́n ní àwọn ò sìn mọ́, wọ́n lọ pàdé sí Mẹ́gídò, ìyẹn ní nǹkan bí 1457. Thutmose kó ọmọ ogun jáde. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ Mẹ́gídò, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wọn, méjì fẹ̀, ẹ̀kẹta gba inú àfonífojì tóóró kan kọjá, wọ́n ń pè é ní ọ̀nà Aruna. Àwọn ọ̀gágun bẹ ọba pé kó má gba tóóró yẹn, wọ́n ní ẹṣin á máa tọ ẹṣin lẹ́yìn ni, èèyàn á máa tọ èèyàn lẹ́yìn, àwọn iwájú á ti bá ìjà nígbà tí àwọn ẹ̀yìn ò tíì kúrò ní Aruna. Ọba kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó gba ibòmíì, ọ̀nà yẹn lòun máa gbà, òun fúnra òun ló sì bọ́ síwájú. Ó ṣe tán, ojú ọ̀nà méjì tó fẹ̀ làwọn ọ̀tá ti ń dúró dè é, wọn ò retí ẹ̀ ní ti ẹ̀kẹta rárá, bó ṣe já sí gbangba pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n kọ lu ara wọn, àwọn ọ̀tá fi kẹ̀kẹ́ wúrà wọn sílẹ̀, wọ́n sá, ibẹ̀ wá ni àwọn sójà Íjíbítì ti ba iṣẹ́ jẹ́: dípò kí wọ́n lé wọn wọlé, wọ́n dúró kó ẹrù, àwọn ará ìlú ti ilẹ̀kùn odi, wọ́n ń fi aṣọ fa àwọn ìjòyè wọn gba orí odi wọlé. Ìyẹn ló sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di oṣù méje, torí oṣù méje ni wọ́n fi dó ti ìlú náà kó tó túúbá. Ìkógun tí wọ́n kọ sára ògiri Karnak: kẹ̀kẹ́ ogun 924, abo ẹṣin 2,041, màlúù 1,929, àgùntàn 20,500. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ń bá ọmọ ogun rìn. Àwọn ọba mìíràn láyé ìgbà yẹn á kàn sọ pé àwọn pa ọ̀tá bí ewé, ti Thutmose ní iye, ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán àkọsílẹ̀ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Ó tó ìgbà 17 tó jáde ogun lọ sí apá ibẹ̀ yẹn. Lọ́dún kan ó ní kí wọ́n fi igi kan ọkọ̀ ojú omi nítòsí Byblos létí òkun, ó gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, wọ́n fà á la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá títí dé odò Yúfírétì, kó lè sọdá lọ bá ọba Mitanni, ìjọba ńlá kan tó wà lódìkejì odò náà. Síbẹ̀ ogun nìkan kọ́ ló fi di ilẹ̀ náà mú o. Ohun tó ṣe ni pé ó ń kó àwọn ọmọ ọba ilẹ̀ tó bá ṣẹ́gun wá sí ààfin rẹ̀, wọ́n á dàgbà níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ èdè, wọ́n á mọ àṣà, nígbà tí bàbá wọn bá kú á rán wọn lọ jọba nílé. Ọmọ tó jẹun lábẹ́ rẹ, kò rọrùn fún un láti dìde sí ẹ. Láti ibẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ti ń wọlé lọ́dọọdún láìsí pé wọ́n tún jà. Rekhmire, tó jẹ́ olórí ìjòyè rẹ̀, ya gbogbo ẹ̀ sára ògiri ibojì tirẹ̀ ní Thebes, ẹ máa rí àwọn ará Kírétè pẹ̀lú ife olówó iyebíye, àwọn ará Síríà pẹ̀lú bíárì àti ẹṣin, àwọn ará Núbíà pẹ̀lú àgùnfọn, ìnàkí àti òrùka wúrà.

Núbíà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín kejì wà. Síríà ń mú ẹṣin wá, igi kédárì ń wá láti Lẹ́bánónì, àmọ́ ilẹ̀ Núbíà, tó jẹ́ àríwá Sudan àti gúúsù Íjíbítì lónìí, Kúṣì inú Bíbélì, ibẹ̀ ni wúrà ti ń wá. Thutmose Kẹta ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ dé Napata lápá ọ̀hún. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ kan sí gbogbo ilẹ̀ náà, oyè tí wọ́n fún un ni Ọmọ Ọba Kúṣì, kódà tí kì í bá ṣe ọmọ ọba, ọ̀dọ̀ Fáráò tààrà ló sì ti ń gbàṣẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni kí wúrà máa dé lásìkò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dún kan péré, apá Núbíà tí wọ́n ń pè ní Wawat nìkan mú wúrà tó lé ní 2,800 deben wá, deben kan sì tó gíráàmù 91, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní kílò 250. Inú aṣálẹ̀ tí oòrùn ń jó èèyàn ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta yẹn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ló sì kú sídìí ẹ̀. Ọrọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní ti Íjíbítì, ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Kúṣì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wúrà rẹ̀ ti jáde, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wúrà kì í ṣe oúnjẹ ṣá o. Odò Náílì ló ń bọ́ wọn. Lọ́dọọdún láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi á kún, á bo oko, á fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ nígbà tó bá fà, wọ́n á gbin bálì àti àlìkámà sínú ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba máa ń wọn bí omi ṣe ga tó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ bí ìkórè ṣe máa rí, wọ́n á sì mọ iye owó orí tí wọ́n máa gbà. Wọn ò ní owó ẹyọ rárá nígbà yẹn, ọkà ni owó oṣù, búrẹ́dì àti ọtí bálì làwọn òṣìṣẹ́ ń gbà, ìwọ̀n bàbà ni wọ́n fi ń díyelé ọjà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa tún padà kàn án.

Ó wá kan Amenhotep Kẹta, tó jọba láti nǹkan bí 1390 sí 1352. Ọkùnrin yìí ò fi bẹ́ẹ̀ jagun, àfi ẹ̀ẹ̀kan ní Núbíà lọ́dún karùn-ún rẹ̀, ogún ló bá nílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ná. Tiye tó fi ṣe olorì àgbà kì í ṣe ọmọ ọba, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ó ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá ẹ̀ sára àwọn ère kòkòrò kékeré tó ń pín káàkiri bí ìwé ìròyìn, lórí ọ̀kan ó ní òun gbẹ́ adágún omi fún obìnrin náà, gígùn rẹ̀ 3,700 ìgbọ̀nwọ́, ìbú rẹ̀ 700, lórí òmíràn ó ní òun fi ọfà ara òun pa kìnnìún tó lé ní ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá. Tẹ́ḿpìlì tó kọ́ fún ara rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Thebes tóbi ju gbogbo irú ẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ, ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó o, ère òkúta méjì tó ga tó bíi mítà 18 ló ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń lọ wò wọ́n. Orí òkúta tirẹ̀ náà wà nínú gbọ̀ngàn kan náà tẹ́ ẹ ti rí ti Ramesses ní London, ẹ padà lọ wò ó.

Àwọn létà ọ̀hún ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1887, wọ́n hú wàláà amọ̀ tó lé ní 300 ní Amarna, èdè Bábílónì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn torí òun làwọn ọba fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Àwọn ọba ńlá ń pe ara wọn ní àbúrò òun ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá wá kà á dé ìsàlẹ̀, wúrà ni wọ́n ń tọrọ. Tushratta ọba Mitanni kọ̀wé pé wúrà ní ilẹ̀ arákùnrin òun pọ̀ bí erùpẹ̀. Ọba Ásíríà náà sọ ọ́ fún Akhenaten tó jẹ lẹ́yìn Amenhotep, ó ní ìdọ̀tí ilẹ̀ ni wúrà lọ́dọ̀ yín, èèyàn kàn ń ṣà á ni, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń háwọ́? Ọba Bábílónì kan fi ẹ̀sùn kàn pé wúrà mínà 20 (mínà ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà) ni wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́, nígbà tóun jù ú sínú iná ìléru, kò tó márùn-ún tó jáde. Ẹ ò rí i pé ọba lọ́ba ń jẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń jà bí oníbàárà àti ọlọ́jà.

Ti ìyàwó tún wà níbẹ̀. Àwọn ọba yìí ń fi ọmọbìnrin wọn ránṣẹ́ sí Amenhotep, Giluhepa ọmọ ọba Mitanni dé pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà 317. Nígbà tí ọba Bábílónì, Kadashman-Enlil, wá ní kí wọ́n fún òun náà ní ọmọ ọba Íjíbítì kan, èsì tó gbà ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn ò fi ọmọ ọba Íjíbítì fún ẹnikẹ́ni rí. Ó dá a padà pé ẹ fún mi ní arẹwà obìnrin èyíkéyìí nígbà náà, ta ló máa sọ pé ọmọ ọba kọ́ ni? Ìyẹn ni mo fi mọ ẹni tó ga jù láàárín wọn. Gbogbo wọn ń fọmọ fún un, kò fún ẹnì kankan, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ torí wúrà.

Akhenaten, ọmọ rẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ rí, òun àti Nefertiti, òun ló ti tẹ́ḿpìlì Amun, òrìṣà ńlá ti Thebes, pa, tó ní Aten tó jẹ́ oòrùn lòun ń sìn, tó kó ààfin lọ sí ìlú tuntun ní Amarna. Wọ́n máa ń sọ pé òun ló ba Íjíbítì jẹ́, mi ò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́ Rib-Hadda ọba Byblos kọ létà tó tó 60 pé kí wọ́n gba òun, ilẹ̀ Síríà sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Hítì, tí ìjọba wọn wà níbi tí wọ́n ń pè ní Tọ́kì lónìí, àmọ́ wúrà Núbíà ò tíì dáwọ́ dúró. Ẹ wo Tutankhamun tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀, ọmọdé tí kò pé ọmọ ogún ọdún tó fi kú, ọba tí kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ nínú ìtàn, nígbà tí Howard Carter ṣí ibojì rẹ̀ ní 1922, pósí inú pátápátá, wúrà gidi ni, ó wúwo tó kílò 110. Tó bá jẹ́ pé ti ọmọdé tó kú lójijì nìyẹn, kí ni wọ́n sin Amenhotep Kẹta mọ́?

Ó ku Ramesses yín, tó jọba láti 1279 sí 1213. Mi ò sọ pé kò lágbára o. Ó kọ́lé kárí Íjíbítì, ó bí ọmọ tó tó ọgọ́rùn-ún, ó kọ́ ìlú Pi-Ramesses, ó gbẹ́ òkè Abu Simbel di tẹ́ḿpìlì. Àmọ́ ẹ wo ogun Kádéṣì ní 1274 tó fi ń yangàn. Àwọn ọkùnrin méjì kan wá parọ́ fún un pé ọba Hítì ṣì wà lọ́nà jíjìn ní Aleppo, ó gbà wọ́n gbọ́, ó sáré síwájú pẹ̀lú ìpín kan ṣoṣo nínú ọmọ ogun rẹ̀, ọba Hítì sì wà lẹ́yìn ìlú náà gan-an tó ba dè é. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú un. Ó jà bí akọni, ìyẹn mo gbà, àwọn ọmọ ogun mìíràn dé bá a lásìkò, wọ́n yọ, àmọ́ Kádéṣì ò bọ́ sí i lọ́wọ́, ọwọ́ Hítì ló wà. Nígbà tó délé, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri tẹ́ḿpìlì káàkiri pé òun nìkan lòun ṣẹ́gun. Ohun tó ṣe tó wù mí jù ni ọdún kọkànlélógún rẹ̀, tóun àti Hattusili ọba Hítì jọ ṣe àdéhùn àlàáfíà, wọn ò ní bá ara wọn jà mọ́, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á dá ìsáǹsá padà láìfìyà jẹ ẹ́. Wọ́n rí ẹ̀dà rẹ̀ ti Íjíbítì àti ti Hítì méjèèjì. Àlàáfíà yẹn fi hàn pé àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé ọwọ́ wọn dọ́gba. Ìgbà Amenhotep, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú Íjíbítì. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: púpọ̀ nínú ère tó ń jẹ́ orúkọ Ramesses, ère Amenhotep Kẹta ni tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ní kí wọ́n tún ojú ẹ̀ gbẹ́ kí wọ́n sì kọ orúkọ tòun sí i.

(Ẹ mẹ́nu ba Bíbélì. Bíbélì ò dárúkọ Fáráò tí Mósè bá jà, orúkọ ìlú Rámésésì tó wà nínú Ẹ́kísódù ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fọkàn sí Ramesses Kejì. Èyí tó dájú ni pé òkúta kan tí ọmọ rẹ̀ Merneptah gbẹ́ ní nǹkan bí 1208 dárúkọ Ísírẹ́lì, òun sì ni àkọ́kọ́ tí a rí orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ Íjíbítì.)

Kí ló wá gbé owó lọ? Ọ̀nà pọ̀, wọ́n sì wọnú ara wọn. Látìgbà Thutmose Kẹta, tí ọba bá ti ogun dé, á mú lára ìkógun, á fi ta tẹ́ḿpìlì Amun ní Karnak lọ́rẹ, ilẹ̀, màlúù, ẹrú, wúrà, torí Amun ló ṣẹ́gun fún un. Ọba tó ń bọ̀ á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Títí dìgbà Ramesses Kẹta, ìwé kan tí wọ́n kọ lórí ọrẹ tẹ́ḿpìlì sọ pé Amun ti Thebes ní èèyàn tó lé ní 86,000, ẹran ọ̀sìn tó lé ní 421,000, ọkọ̀ ojú omi 83. Ohun tó yẹ kó padà sínú àpò ọba ti di ti àwọn àlùfáà. Ramesses Kẹta yìí náà ló tún bá àwọn ọmọ ogun orí omi jà ní ọdún kẹjọ rẹ̀, àwọn tó wá láti òkun tí wọ́n ti sun ìlú káàkiri, ìjọba Hítì sì wó pátápátá láyé ìgbà yẹn. Ó ṣẹ́gun wọn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ Kénáánì bọ́ lọ́wọ́ Íjíbítì láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ìṣákọ́lẹ̀ dáwọ́ dúró, ogun sì ti jẹ owó.

Ẹ rántí pé ọkà ni owó oṣù. Ní abúlé Deir el-Medina làwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba ń gbé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáa jù nílẹ̀ náà. Lọ́dún kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramesses Kẹta, ọkà wọn ò dé. Wọ́n dúró, dúró, kò dé. Wọ́n bá kó irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n rìn jáde, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló gbé àwọn débẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí òróró, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́, ẹ kọ̀wé sí Fáráò olúwa wa rere kó lè rí wa jẹ. Akọ̀wé kan kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà wà ní Turin nílẹ̀ Ítálì títí dòní, òun sì ni ìyanṣẹ́lódì tó pẹ́ jù tí a mọ̀ nínú àkọsílẹ̀. Tí mo bá kà á ó máa ń ká mi lára. Àwọn tó ń fi wúrà wé òkú ọba ni ọmọ wọn ò rí búrẹ́dì jẹ. Ọba náà ò sì gbádùn ọjọ́ ogbó, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ dìtẹ̀ kí ọmọ tirẹ̀ lè jọba, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán inú òkú rẹ̀ ní ayé wa yìí, wọ́n rí i pé wọ́n dúńbú rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ẹ̀, ọkà wọ́n gógó, àwọn Ramesses mìíràn ń jẹ, wọ́n ń kú, ajẹ́lẹ̀ Núbíà tó ń jẹ́ Panehsy ṣọ̀tẹ̀ nígbà Ramesses Kọkànlá, bí ilẹ̀ wúrà ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, àwọn èèyàn ti yíjú sí wúrà tó wà nínú ilẹ̀. Nígbà Ramesses Kẹsàn-án wọ́n mú agbẹ́kùúta kan tó ń jẹ́ Amunpanefer, ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn méje mìíràn fọ́ ibojì ọba Sobekemsaf àti olorì rẹ̀, wọ́n bọ́ wúrà ara wọn, wọ́n dáná sun pósí, 160 deben ni wọ́n pín, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 20. Ó ní lẹ́yìn tí àwọn pín in tán, wọ́n ti kọ́kọ́ mú òun rí, òun fi 20 deben òun fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n tú òun sílẹ̀, òun padà lọ bá àwọn yòókù, wọ́n tún pín in fóun.

Torí náà tí àwọn ọmọ bá bi yín pé ṣé àwọn òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé òyìnbó kó ère àti òkú lọ lóòótọ́, èyí tẹ́ ẹ rí ní London wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wúrà náà, àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn ló yọ́ ọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Àwọn olè kó tiwọn, lẹ́yìn ìyẹn àwọn àlùfáà Amun tó ti gba àkóso gúúsù lọ́wọ́ Fáráò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ibojì àwọn ọba, wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò wọ́n, wọ́n bọ́ wúrà tó kù lára wọn, wọ́n fi aṣọ mìíràn wé wọn, wọ́n kó wọn pa mọ́ sínú ihò kan náà. Wọ́n rí ihò yẹn ní 1881 ní Deir el-Bahari, Thutmose Kẹta wà níbẹ̀, Ramesses Kejì wà níbẹ̀, wúrà ò sí. Wọ́n rí Amenhotep Kẹta nínú ibojì mìíràn ní 1898, bákan náà ló rí. Ní àríwá, nígbà tí ọba Psusennes Kìíní fẹ́ ṣètò ibojì tirẹ̀ ní Tanis, pósí òkúta Merneptah, ọmọ Ramesses Kejì, ni wọ́n gbé wá fún un, wọ́n pa orúkọ tó wà lára ẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ tirẹ̀ sí i.